Ọdún Kejì

Inú agolo tábà ni wọ́n wà,
agolo tó ti dípẹtà, tí ìdérí rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́.
Ìyáàfin Oldroyd nà án kọjá ọgbà sí mi,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n; òtútù Ẹrẹ́nà ní Batley kò mọ àgbà.
"Bíìtìrúùtù ìyá ìyá mi ni," ló wí.
"Àwọn ọmọ mi ní ti inú ìgò ṣọ́ọ̀bù ti tó àwọn."
Mo wo kóró náà: ó rí págunpàgun,
ó dà bí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ àpò gaàrí.
Mo dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní gbèsè.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, ẹ má wulẹ̀ bi mí.
Bàbá mi kọ ebè ní Ìrágbìjí títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀ bí ọkọ́,
ṣùgbọ́n kò sọ fún mi pé kóró kan lè bí ẹ̀ta òkò.
Ọjọ́ kẹtàlá, wọ́n yọrí,
mẹ́ta níbi tí mo gbin ọ̀kan sí, mẹ́rin níbòmíràn,
ẹsẹ̀ wọn pupa bí ẹsẹ̀ ẹyẹlé.
Ìyáàfin ní kí n fà wọ́n tu, kó ku ẹyọ kọ̀ọ̀kan.
Ta ni yóò fa ìkejì ìbejì tu?
Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ alẹ́ lọ́rùn mi,
bàtà ọsibítù nínú ẹrẹ̀,
mo ń bẹ ewé tí kò tó èékánná.
Nígbà tó yá, mo fà wọ́n.
Mo fọ̀ wọ́n.
Mo jẹ wọ́n.

Òjò ibẹ̀ ń ṣe wẹliwẹli ṣáá,
bí àgbà tó ń kùn tí kò dárúkọ ẹnì kan.
Ewé fẹ̀, iṣan rẹ̀ pupa bí àlàárì.
Mo fi irú tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ ro ó bí ẹ̀fọ́;
Ìbíyẹmí, ọmọ mi, ní irú ń rùn, ó sì lá abọ́.

Oṣù Ògún, mo hú wọn. Gbogbo wọn.
Mo bọ̀, mo bó, omi ìkòkò di ẹ̀jẹ̀ ẹran Iléyá.
Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo wo ìtọ̀ mi, mo figbe ta,
èmi tí mo ń wo ìtọ̀ aláìsàn ní wọ́ọ̀dù láìṣẹ́jú;
mo ti ń ronú ẹni tí yóò tọ́ ọmọ mi
kí n tó rántí oúnjẹ alẹ́.

"Mélòó lo fi sílẹ̀ de kóró?"
Ìyáàfin Oldroyd ló bi mí.
Mo rò pé bíi tẹ̀tẹ̀ ni,
tó ń hù, tó ń so, tó ń gbọ̀n dànù lọ́dún kan.
Ó ní rárá. Ọdún kejì ni bíìtì ń so.
Ó gbọ́dọ̀ sùn nílẹ̀, kí òtútù bù ú jẹ,
kó tó mọ̀ pé òun lóyún.
Ìran mẹ́rin nínú agolo kan,
mo fi jẹ ìrẹsì.
Kò bú mi. Ó wo ọwọ́ mi tó ṣì pọ́n,
ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Oṣù Ọ̀pẹ, bọ́ọ̀lù Ìbíyẹmí já sẹ́yìn ike ìdọ̀tí.
"Màámi, àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"
Mẹ́ta. Wọ́n wọ́, wọ́n le bí igi, eku ti jẹ èjìká ọ̀kan.
Mo fi kóríko gbígbẹ bò wọ́n, mo fi àkísà lé e,
bí mo bá tibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀,
mo ń kí wọn: ẹ kú òtútù.

Nígbà tí Òkúdù dé, wọ́n ti na ọ̀pá,
wọ́n ga ju ọgbà lọ, wọ́n ń yọjú sí Ìyáàfin Oldroyd láìgbàyè.
Ó jáde. Ó di òdòdó tí kò jọ òdòdó mú, ó fi sí imú.
"Ìyá mi náà jẹ ẹ́ tán rí," ló wí, "lásìkò ogun.
Ìyá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Èmi náà gbìyànjú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni agbára mi mọ."

Agolo náà ṣì ń ké bí a bá ṣí i.
Ìbíyẹmí ló ń ka kóró sínú rẹ̀.
Ó ní, ọ̀kan.
Mo ní, mẹ́ta.